Ta Ni Kí Ìjọ Wa Máa Tì Lẹ́yìn? Ìfiwéra Iṣẹ́ Míṣọ́n Nílé àti Lókèèrè fún Àwọn Ìjọ Àkúrẹ́

Bí ìjọ kan ní Àkúrẹ́ bá ti pinnu pé òun fẹ́ máa fi owó ran iṣẹ́ míṣọ́n lọ́wọ́, àbá mẹ́rin ló sábà máa ń délẹ̀ níwájú ìgbìmọ̀. Ẹnì kan á ní kí wọ́n wo àwọn abà kòkó àti etí omi tó wà nínú ìpínlẹ̀ Oǹdó níbí. Ẹlòmíràn á dárúkọ ajíhìnrere kan tó wà ní Òkè Ọya. Ẹnì kẹta á ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ tàbí Niger ni Ẹ̀mí ń tọ́ka sí. Ẹnì kẹrin á ní ọmọ ìjọ kan wà nílùú òyìnbó tó fẹ́ dá ìjọ sílẹ̀. Gbogbo wọn ló lè jẹ́ iṣẹ́ Olúwa. Àmọ́ ẹrù wọn ò dọ́gba, owó tó ń bá wọn lọ ò dọ́gba, ohun tó sì máa ń da ọ̀kọ̀ọ̀kan rú yàtọ̀ síra.

Ibi tí àwa dúró sí rèé: ẹ mú èyí tí ẹ lè gbé fún ọdún mẹ́ta láìjá. Ìjọ tó ń fi 20,000 náírà ránṣẹ́ lóṣooṣù fún ọdún mẹ́ta ti fi 720,000 ránṣẹ́, míṣọ́nárì náà sì ti mọ ohun tó ń bọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ó lè fi háyà ilé, ó lè fi ọmọ sílé ìwé. Ìjọ tó kó 500,000 fún un lọ́jọ́ kan, tó ya fọ́tò, tó wá dákẹ́, ti jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ ohun tí kò ní lè parí. Pọ́ọ̀lù ò gbàgbé ìjọ Fílípì, torí pé lẹ́ẹ̀kan àti lẹ́ẹ̀kejì ni wọ́n ránṣẹ́ sí i (Fílípì 4:15-16).

Ẹ wo àtẹ yìí ná. Kò sọ gbogbo ọ̀rọ̀ tán, ṣùgbọ́n ó tó bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn nínú ìpàdé.

| | Abà àti etí omi Oǹdó | Òkè Ọya | Bẹ̀nẹ̀, Tógò, Niger | Ìlú òyìnbó |
|---|---|---|---|---|
| Owó tí wọ́n ń ná | Náírà | Náírà | Sẹ́fà (CFA) | Pọ́n-ùn, dọ́là |
| Èdè | Yorùbá ò tó níbi gbogbo | Haúsá, àti èdè ìbílẹ̀ ibẹ̀ | Faransé, àti èdè ìbílẹ̀ | Gẹ̀ẹ́sì |
| Ìwé àṣẹ | Kò sí | Kò sí | 90 ọjọ́, lẹ́yìn náà káàdì ibùgbé (Niger yàtọ̀) | Físà àti onígbọ̀wọ́ |
| Ṣé ìjọ lè dé ibẹ̀? | Ọjọ́ kan sí méjì | Ọ̀sẹ̀ kan, bí ọ̀nà bá dára | Ọ̀sẹ̀ kan | Ó ṣọ̀wọ́n |
| Ohun tó sábà ń dà á rú | Epo ọkọ̀, ènìyàn tó ń ṣí kiri | Ààbò, àìsàn | Owó tó ń já, ẹnubodè | Físà, iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ |

Abà kòkó àti etí omi

Èyí ni ọ̀pọ̀ ìjọ ń fojú kéré torí pé kò jìnnà. Ẹ gba ọ̀nà Ìdànrè wọ inú igbó lọ, tàbí kí ẹ yà kúrò ní títì ní apá Ọ̀rẹ̀. Ẹ ó bá àwọn abà tó kún fún àwọn Ìgbìrà, Ígẹ́dẹ̀, Tífì àti Ígálà tó ń ṣe lébìrà nínú oko kòkó. Ajíhìnrere tó gbọ́ Yorùbá nìkan máa wàásù fún onílẹ̀, àwọn alágbàṣe á sì jókòó sẹ́yìn, wọn ò ní gbọ́ ju “àmín” lọ. Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí ẹ máa béèrè lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ lọ ni èdè tó gbọ́, tàbí ẹni tó máa bá a túmọ̀ àti iye tí ẹni náà máa gbà.

Ohun kejì ni pé ènìyàn ń ṣí kiri níbẹ̀. Kòkó ńlá máa ń jáde láti bí oṣù kẹwàá títí dé oṣù kejìlá, abà á sì kún. Bí iṣẹ́ bá rọlẹ̀, ọ̀pọ̀ alágbàṣe á padà sílé tàbí kí wọ́n lọ sí oko mìíràn. Ìjọ tó ní ogójì ènìyàn ní oṣù kọkànlá lè ku méjìlá ní oṣù kẹta. Bí ìgbìmọ̀ yín ò bá mọ èyí, wọ́n á ka ajíhìnrere náà sí ọ̀lẹ, wọ́n á gé owó rẹ̀. Dípò kí ẹ ka orí nìkan, ẹ béèrè iye àwọn tó ti kọ́ láti máa kọ́ ẹlòmíràn, torí àwọn wọ̀nyẹn ló máa gbé ìhìnrere padà sí ìlú wọn ní Kogí àti Bẹ́núé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sanwó ọkọ̀ fún wọn.

Etí omi yàtọ̀. Ìgbókòdá lẹnu ọ̀nà rẹ̀. Láti ibẹ̀, ọkọ̀ ojú omi ló kù. Ẹ má ṣe sọ̀rọ̀ bíi pé àwọn Ìlàjẹ ò tíì gbọ́ orúkọ Jésù rí o: Ayétòrò gan-an, ìjọ àwọn Holy Apostles ló tẹ̀ ẹ́ dó ní 1947. Ibi tí iṣẹ́ kù sí ni àwọn abúlé kéékèèké tí olùkọ́ kì í dé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lóṣù, àti apá Àrògbò tí wọ́n ti ń sọ èdè Ìjọ̀. Kí ẹ tó rán ẹnikẹ́ni, ẹ ka iye ìjọ tó wà ní abúlé náà. Bí mẹ́ta bá ti wà níbẹ̀, owó yín á ṣiṣẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ níbòmíràn. Ẹ má sì fi búlọ́ọ̀kù kọ́ ilé ìsìn sí bèbè òkun. Òkun ti ń jẹ ilẹ̀ Ayétòrò láti ọdún pípẹ́ wá, ó ti gbé ọ̀pọ̀ ilé lọ. Ilé onípákó tí wọ́n lè tú, tí wọ́n lè gbé sẹ́yìn, ló bá ibẹ̀ mu.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ọkọ̀, torí ibẹ̀ ni owó ìjọ ti máa ń ṣòfò jù. Ìjọ á dáwó, wọ́n á ra ẹ́ńjìnnì 40 (ìyẹn ẹ́ńjìnnì kan tó ní agbára ẹṣin 40), wọ́n á gbàdúrà sí i, wọ́n á padà sí Àkúrẹ́. Ẹ́ńjìnnì yẹn, bí wọ́n bá fún un ní iná dé òpin, lè mu bẹntiróòlù lítà 15 sí 18 ní wákàtí kan; ẹ́ńjìnnì 15 lè mu bíi lítà 6 sí 7. Ìrìn wákàtí méjì lọ, wákàtí méjì bọ̀, lórí ẹ́ńjìnnì 40 ti lé ní lítà 60. Bí epo yìí ò bá sí nínú owó oṣooṣù, ọkọ̀ á kàn wà ní èbúté ni. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń lò níbẹ̀ ló jẹ́ èyí tí wọ́n ń po ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀: lítà ọ́ìlì kan sí lítà bẹntiróòlù 50. Nígbà tó ṣì jẹ́ tuntun, fún wákàtí mẹ́wàá àkọ́kọ́, lítà ọ́ìlì kan sí 25 ni. Bí ọ́ìlì bá kéré, písítìnì á gbóná, á lẹ̀ mọ́ ilé rẹ̀, ẹ́ńjìnnì á kú lójú ọ̀nà. Bó bá pọ̀ jù, èéfín á bo ọkọ̀, púlọ́ọ̀gì á dọ̀tí, ẹ́ńjìnnì ò ní tètè dáhùn. Omi iyọ̀ tún ń jẹ irin: lẹ́yìn gbogbo ìrìn tó dé ojú òkun, kí wọ́n fi omi tí kò níyọ̀ ṣan inú rẹ̀ kí wọ́n tó gbé e dúró.

Nítorí náà, ìjọ tó fẹ́ ra ọkọ̀ gbọ́dọ̀ ra púlọ́ọ̀gì méjì sí i, abẹ̀bẹ̀ ẹ̀yìn ọkọ̀ kan sí i, àti láífù jákẹ́ẹ̀tì fún gbogbo ènìyàn tí ọkọ̀ lè gbé. Kí wọ́n sì mọ orúkọ mẹkáníìkì kan ní Ìgbókòdá tí míṣọ́nárì lè pè. Bí apá yín ò bá ká a, ẹ́ńjìnnì 15 tó ní epo dára ju 40 tí kò ní. Nígbà mìíràn, owó ọkọ̀ èrò lẹ́ẹ̀mẹ́rin lóṣù dín ju ọkọ̀ tara ẹni lọ pátápátá. Ẹ ṣírò rẹ̀ kí ẹ tó dáwó.

Òkè Ọya

Èyí tó ń sún àwọn ìjọ Yorùbá lọ sí apá ibẹ̀ jù ni àwọn ẹ̀yà bíi Bàrìbá ní Borgu àti àwọn Kambari ní ìpínlẹ̀ Niger àti Kebbi. Kò sí físà, náírà náà ni wọ́n ń ná, ṣùgbọ́n nǹkan méjì ló gbówó lórí.

Àkọ́kọ́ ni èdè. Haúsá á gbé ajíhìnrere dé ọjà, kì í sábà gbé e dé inú ilé. Ẹni tó bá máa pẹ́ níbẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́ èdè ìbílẹ̀. Ọdún kan sí méjì àkọ́kọ́ sì lè kọjá láìsí ìrìbọmi kankan láti ròyìn. Ìjọ tó ń retí èso ní oṣù kẹfà máa ń rẹ̀wẹ̀sì, á sì ti míṣọ́nárì láti máa ka iye àwọn tó nawọ́ sókè. Ẹ fi sí àdéhùn pé ọdún àkọ́kọ́ jẹ́ ti èdè, kí ẹ sì sanwó fún ẹni tó ń kọ́ ọ.

Ìkejì ni ààbò. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ míṣọ́n tó ń rán an: kí ni ètò yín bí wọ́n bá jí ẹnì kan gbé? Ta ló ń pàṣẹ pé kí wọ́n kúrò ní abúlé? Ibo ni ìdílé máa sá lọ, ta ló sì máa sanwó ọkọ̀? Ìdáhùn wọn gbọ́dọ̀ wà ní kíkọ. Ilé iṣẹ́ tó bá ní “Ọlọ́run á ṣọ́ wọn” nìkan, ẹ fẹ́ràn wọn, ẹ gbàdúrà fún wọn, ṣùgbọ́n ẹ má fi ẹ̀mí ìdílé ọlọ́mọ sábẹ́ ètò bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ fọ́tò náà wà ńbẹ̀. Fọ́tò ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba Jésù láti inú ìdílé Mùsùlùmí, tí ẹ gbé sórí ojú pátákó ìjọ tàbí sórí WhatsApp, lè dé abúlé rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ má lo orúkọ, ẹ má lo ojú, ẹ má dárúkọ abúlé. “Ìlú kan ní Borgu” ti tó fún àdúrà.

Ìlú sẹ́fà

Ọmọ Nàìjíríà lè wọ Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò láìgba físà, kó sì wà níbẹ̀ fún 90 ọjọ́ lábẹ́ àdéhùn ECOWAS. Lẹ́yìn ìyẹn, ó gbọ́dọ̀ wá káàdì ibùgbé. Àwọn míṣọ́nárì kan máa ń jáde kúrò nílùú lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, wọ́n á tún wọlé. Ẹ má sanwó fún irú ètò bẹ́ẹ̀: owó ọkọ̀ rẹ̀ lóòrèkóòrè lè ju owó káàdì lọ, ọlọ́pàá ẹnubodè sì lè fura. Ti Niger tún le sí i, torí ó ti fi ECOWAS sílẹ̀ pẹ̀lú Mali àti Burkina Faso ní oṣù kìíní 2025. Káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́.

Àǹfààní tí a ní níbẹ̀ ni èdè. Kétu àti Ṣábẹ̀ ní Bẹ̀nẹ̀, Yorùbá ni wọ́n. Míṣọ́nárì láti Àkúrẹ́ lè bá wọn sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ kìíní. Àmọ́ ilé ìwé ọmọ rẹ̀, ilé ìwòsàn àti ọ́fíìsì ìjọba, Faransé ni gbogbo rẹ̀. Bó bá kọjá sí àríwá, oṣù mẹ́fà sí ọdún kan fún Faransé ló yẹ kó wà nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì.

Ibi tó le jù ni owó. Sẹ́fà so mọ́ yúrò: yúrò kan jẹ́ sẹ́fà 655.957, iye yẹn kì í yí. Náírà ló ń yí. Ẹ rántí oṣù kẹfà 2023 tí ìjọba jẹ́ kí ọjà máa pinnu iye náírà, ó sì já wálẹ̀ kíákíá. Bí ìjọ bá ṣèlérí ní náírà, míṣọ́nárì ló ń ru ìjábọ̀ yẹn. Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ ṣe é: ká ní ìdílé kan nílò sẹ́fà 200,000 lóṣù, tí sẹ́fà kan sì jẹ́ náírà 2.5. Ìyẹn 500,000 náírà. Bí sẹ́fà bá di náírà 2.8, 560,000 ni yóò tó. Bí ẹ bá ṣì ń fi 500,000 ránṣẹ́, wọ́n ń gba bíi sẹ́fà 178,500, owó ilé ò sì dín. Ẹ ṣèlérí ní sẹ́fà, kí ẹ ṣírò rẹ̀ sí náírà lẹ́ẹ̀kan ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, kí ẹ sì fi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lé e fún ìjábọ̀. Bí ìjọ yín ò bá lè ṣe èyí, iṣẹ́ ilé ló tọ́ sí yín báyìí. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Ẹnubodè náà lè tì láìròtẹ́lẹ̀. Nàìjíríà ti ẹnubodè ilẹ̀ rẹ̀ ní oṣù kẹjọ 2019, kò sì ṣí i títí di oṣù kejìlá 2020. Lẹ́yìn ìdìtẹ̀ ìjọba ní Niger ní oṣù keje 2023, ti ibẹ̀ náà tì títí di oṣù kẹta 2024. Ẹni tó bá ń rékọjá láti gba owó lọ́wọ́ ará ìjọ ní Sèmè ò ní rí i gbà nígbà bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi ní kí ìdílé tó wà lókèèrè ní owó oṣù mẹ́ta nípamọ́ nílùú tí wọ́n wà, ní owó ìlú náà.

Ìlú òyìnbó

A ò ní pẹ́ níbí. Bó bá jẹ́ pé àwọn ọmọ Nàìjíríà ni pásítọ̀ náà ń lọ kó jọ ní London tàbí Toronto, iṣẹ́ olùṣọ́-àgùntàn ni, ó sì dára. Àwọn ará ibẹ̀ tí wọ́n ń gba pọ́n-ùn àti dọ́là ló yẹ kó máa bọ́ ọ. Ìjọ Àkúrẹ́ tó ń kó náírà lọ di pọ́n-ùn fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń gbé omi lọ sódò.

Bó bá jẹ́ pé láàárín àwọn tí kò tíì gbọ́ ìhìnrere ló ń lọ ṣiṣẹ́ lóòótọ́, ẹ mọ ohun tó ń náni. Fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, físà tí wọ́n ń pè ní Minister of Religion nílò onígbọ̀wọ́ tó ní láísẹ́ńsì níbẹ̀ àti ẹ̀rí pé ẹni náà gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Owó ìlera tí wọ́n ń gbà ṣáájú ti jẹ́ pọ́n-ùn 1,035 fún àgbàlagbà kan lọ́dún láti oṣù kejì 2024. Ọdún mẹ́ta ti di 3,105 fún ènìyàn kan, kó tó san owó físà gan-an, kó tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá ní òun á fi físà àbẹ̀wò lọ, kó tó wá máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ẹ má tì í lẹ́yìn: òfin ni ó fẹ́ rú, orúkọ ìjọ yín ló sì máa wà nínú ìwé tó fi tọrọ físà.

Ọwọ́ ta ni kí owó gbà?

Ọ̀nà méjì ló wà: ẹ fún míṣọ́nárì fúnra rẹ̀, tàbí ẹ gbà á kọjá ilé iṣẹ́ míṣọ́n. Ìjọ ECWA ní ẹ̀ka míṣọ́n tirẹ̀, EMS, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1948. Ẹgbẹ́ míṣọ́n CAPRO bẹ̀rẹ̀ ní Zaria ní 1975. Ìjọ Onítẹ̀bọmi àti Áńgílíkà ní ẹ̀ka tiwọn. NEMA (Nigeria Evangelical Missions Association, kì í ṣe ti ìjọba) tó bẹ̀rẹ̀ ní 1982 ló kó ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ míṣọ́n ilẹ̀ wa jọ. Ìjọ tó wà lábẹ́ ẹ̀ka kan, kí ó kọ́kọ́ béèrè ohun tí ẹ̀ka rẹ̀ ní kó tó wá ti òde.

Fífún un tààrà yá, kò ní gígé, ẹ sì ń bá a sọ̀rọ̀. Ibi tó máa ń bàjẹ́ sí ni pé kò sí ẹni tó ń bójú tó o. Bí àárẹ̀ bá mú un, bí ìgbéyàwó rẹ̀ bá ń mì, bó bá ṣìnà nínú ẹ̀kọ́, ẹ̀yin ẹ wà ní Àkúrẹ́, ẹ ò mọ̀. Nǹkan mìíràn: ìjọ mẹ́rin lè máa san owó ilé kan náà fún un láìmọ ara wọn. Kì í ṣe pé gbogbo ẹni tó ń gbà á bẹ́ẹ̀ ló jẹ́ olè. Àwọn mìíràn kàn ń bẹ̀rù pé bí àwọn bá sọ̀rọ̀, ọ̀kan nínú wọn á dúró. Ọ̀nà tó ń dí ihò yìí ni ìwé bọ́jẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo tí gbogbo olùtìlẹ́yìn rẹ̀ ń rí.

Ilé iṣẹ́ míṣọ́n ń gbé ẹrù ìdánilẹ́kọ̀ọ́, àbójútó, àìsàn àti ìpadàbọ̀. Wọ́n sì ń yọ nínú owó fún iṣẹ́ ọ́fíìsì. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, iná àti akọ̀wé wà lọ́fíìsì wọn. Ẹ béèrè ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún ni. Ẹ tún béèrè bóyá àpò kan ni wọ́n kó gbogbo owó sí, tí wọ́n ń pín in dọ́gba, tàbí míṣọ́nárì kọ̀ọ̀kan ló ní àkáǹtì tirẹ̀. Bó bá jẹ́ àpò kan, ohun tí ẹ fi ránṣẹ́ lórúkọ ìdílé kan lè bọ́ ìdílé mìíràn. Ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ gbà á, tàbí kí ẹ lọ síbòmíràn. Ní ti àpò kan, owó tó bá dín kù nínú oṣù máa ń kan gbogbo ènìyàn díẹ̀. Ní ti àkáǹtì kọ̀ọ̀kan, ẹni tí kò mọ̀rọ̀ sọ lórí pẹpẹ máa ń jẹ́ ẹni tí ebi ń pa. A fẹ́ràn àpò kan fún ìdí yìí.

Ẹ̀rí tí ẹ lè béèrè fún wà. Ẹgbẹ́ tó fi orúkọ sílẹ̀ pẹ̀lú tọ́rọ́stíì ní Corporate Affairs Commission (àjọ ìjọba tó ń forúkọ ẹgbẹ́ àti ilé iṣẹ́ sílẹ̀) gbọ́dọ̀ kó ìròyìn ọdọọdún lọ láàárín 30 oṣù kẹfà sí 31 oṣù kejìlá, gẹ́gẹ́ bí òfin CAMA 2020 ti sọ. Ẹ ní kí wọ́n fi ti ọdún tó kọjá hàn yín, pẹ̀lú ìwé ọ́dítọ̀. Pọ́ọ̀lù náà ṣètò kí ẹnikẹ́ni má bàa rí ẹ̀gàn sọ sí i lórí owó (2 Kọ́ríńtì 8:20-21).

Fún ìjọ tí kò tíì ṣe é rí, a ní kí ẹ gba ọwọ́ ilé iṣẹ́ míṣọ́n fún owó oṣooṣù, kí ẹ máa fún míṣọ́nárì fúnra rẹ̀ ní ẹ̀bùn kékeré tààrà nígbà Kérésìmesì, ìbímọ tàbí àìsàn.

Ẹnì kan tó tó, àbí mẹ́wàá díẹ̀ díẹ̀?

Orúkọ mẹ́wàá lórí pátákó ìjọ lẹ́wà lójú. Àmọ́ 5,000 náírà fún ènìyàn mẹ́wàá túmọ̀ sí lẹ́tà mẹ́wàá láti kà, ìdílé mẹ́wàá láti gbàdúrà fún, tí kò sì sí ẹni tí 5,000 yín máa jẹ́ kó lè san ohunkóhun pàtó. Ìjọ tó ní 50,000 lóṣù, kí ó mú méjì: ọ̀kan nílé, ọ̀kan níta ìpínlẹ̀. Kí ẹ ru ìdá kan tó ní orúkọ nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì wọn: “àwa là ń san owó ilé,” “àwa là ń san owó ilé ìwé ọmọ kejì.” Bó bá já, gbogbo yín ló máa mọ ohun tó já.

Bọ́jẹ́ẹ̀tì ìdílé tó péye gbọ́dọ̀ ní oúnjẹ, ilé, ilé ìwé ọmọ, epo àti ọkọ̀, dátà, iṣẹ́ ìhìnrere gan-an, ètò ìlera àti owó ìfẹ̀yìntì. Méjì tó kẹ́yìn ni wọ́n máa ń gbàgbé. Òfin NHIA 2022 ti sọ ètò ìlera di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà, PenCom, àjọ ìjọba tó ń bójú tó owó ìfẹ̀yìntì, sì ní ètò fún ẹni tó ń dá ṣiṣẹ́. Míṣọ́nárì tó fi ọgbọ̀n ọdún sìn, tó wá padà sí Àkúrẹ́ láìní yàrá kan, ìjọ tó rán an ló jẹ ẹ́ ní gbèsè.

Ibi tí owó máa ti wá

Ọrẹ ìkórè kan lọ́dún máa ń pọ̀, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ tán. Ìdá kan nínú owó tó ń wọlé lóṣooṣù, bí 5 sí 10 nínú ọgọ́rùn-ún, dúró jù, torí akápò ń yọ ọ́ kí ohun mìíràn tó dé. Ìlérí ọmọ ìjọ kọ̀ọ̀kan máa ń mú owó jù lọ wọlé, ṣùgbọ́n ó máa ń rọ̀. Ẹ pò wọ́n pọ̀: ìdá ìjọ fún ohun tí ẹ ti ṣèlérí, ìlérí àwọn ọmọ ìjọ fún ohun tó lé. Bí ìlérí bá jẹ́ 100, ẹ fi 70 ṣètò.

Ní agbègbè wa, ẹ wo kàlẹ́ńdà oko. Ìjọ tí àgbẹ̀ kòkó pọ̀ nínú rẹ̀ máa ń lówó lọ́wọ́ láti oṣù kẹwàá sí oṣù kìíní. Oṣù kẹsàn-án, owó ilé ìwé ń gbé gbogbo rẹ̀ lọ. Kí àwọn àgbẹ̀ san ìlérí ọdún kan lẹ́ẹ̀kan náà ní àsìkò kòkó, kí òṣìṣẹ́ ìjọba san tiwọn lóṣooṣù. Ẹ kó owó oṣù mẹ́ta jọ sínú àkáǹtì míṣọ́n kan tó dá dúró, tí ènìyàn méjì ń fọwọ́ sí, kí ẹ tó fi kọ́bọ̀ àkọ́kọ́ ránṣẹ́. Àkáǹtì yẹn, kí ẹnikẹ́ni má yá nínú rẹ̀ fún òrùlé ìjọ. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀: oṣù kan péré ni wọ́n fẹ́ yá a.

Ìwé àdéhùn, ìbẹ̀wò, àti ìdádúró

Ojú ìwé kan tó. Kí ó ní iye, owó wo, ọjọ́ tó máa wọlé (a ní kí ẹ fi sí ọjọ́ karùn-ún oṣù), ọdún mélòó, àti ọjọ́ àtúnyẹ̀wò lọ́dọọdún. Kí ìròyìn máa wá lẹ́ẹ̀kan ní oṣù mẹ́ta, ojú ìwé kan, kí ó sọ ohun tó ṣòro pẹ̀lú ohun tó dára. Kí àdéhùn sọ pé owó ò ní dúró nígbà ìsinmi ọdọọdún tàbí nígbà tó bá wálé wá sinmi oṣù mélòó kan. Àsìkò yẹn gan-an ló máa ń ná owó jù. Ẹ̀yin náà, ẹ kọ ohun tí ẹ máa ṣe: àdúrà lórúkọ ní gbogbo Ọjọ́ Ìsinmi, ìpè fóònù kan lóṣù, ìbẹ̀wò kan lọ́dún.

Ẹ má jẹ́ kí ìbẹ̀wò di ẹrù lọ́rùn ìdílé. Ènìyàn mẹ́rin tó, kì í ṣe bọ́ọ̀sì kan. Ẹ gbé oúnjẹ tiyín lọ, ẹ san owó ibi tí ẹ máa sùn, kí ìyàwó pásítọ̀ yín tàbí àgbà obìnrin kan wà nínú yín tó lè bá ìyàwó míṣọ́nárì jókòó lóun nìkan. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹnu rẹ̀ ni òtítọ́ ti máa jáde. Kí owó ìrìn náà má sì ju owó oṣù méjì tí ẹ ń fi ránṣẹ́ lọ.

Bí ó bá di dandan kí ẹ dáwọ́ dúró, torí pé owó ìjọ dín kù tàbí pé iṣẹ́ náà ti parí, ẹ kọ ìwé ní oṣù mẹ́fà ṣáájú, kí ẹ sì fi tẹlifóònù sọ ọ́ kí ìwé tó dé. Ẹ san gbogbo oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ pé, ìdajì ní oṣù kẹrin àti karùn-ún, ìdá kan nínú mẹ́rin ní oṣù kẹfà. Ẹ fi ẹ̀dà ìwé náà ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ míṣọ́n tó rán an àti sí àwọn ìjọ yòókù tó ń tì í lẹ́yìn, kí wọ́n lè mọ àlàfo tí wọ́n máa dí. Bó bá jẹ́ pé ìwà rẹ̀ ni ẹ rí tí ẹ fi fẹ́ dúró, ẹ fi ẹjọ́ náà lé ilé iṣẹ́ míṣọ́n lọ́wọ́, kí ẹ sì máa san owó ilé ìwé ọmọ títí tí sáà ilé ìwé náà máa fi parí.